Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀nà pamọ́ sí nínú ọ̀rọ̀ ìrìn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní agbègbè Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo níbí. Ọmọ kan kọ ọ́ sínú àròkọ pé 'The thief ran and entered the bush.' Mo fa báírò pupa sí i, mo kọ 'ran into the bush' sókè rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló burú nínú tòun, mi ò sì rí àlàyé ṣe. Òmíràn tún ní ṣebí èmi náà ni mo sọ pé 'enter' kì í gba 'into', kí ló wá dé tí 'go' fi ń gbà á? Ṣé òfin kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni, àbí kí n kàn ní kí wọ́n máa há àwọn phrasal verb inú ìwé wọn, irú bíi 'set off' àti 'run out', sórí?"

Ẹ kú iṣẹ́ náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ọmọ yẹn. Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú "The thief ran and entered the bush." Yorùbá ló fi ronú, ó sì ronú dáadáa: olè náà sáré wọ inú igbó. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì nìyẹn, "sáré" àti "wọ", tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n sì jọ ń sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tó fẹ́ gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, ó wá ọ̀rọ̀-ìṣe kan fún "sáré", ó wá òmíràn fún "wọ", ó sì rí i pé Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí méjì dúró bẹ́ẹ̀ láìfi "and" sí i láàárín. "And" yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ohun méjì ni etí Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́: olè kọ́kọ́ sáré, bóyá ó tilẹ̀ dúró mí díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá wọ igbó. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba máàkì gírámà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ìlò èdè ni kí ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Òfin wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ àwọn ìwé kíláàsì kì í sábà sọ ọ́. Bí ènìyàn tàbí nǹkan bá ń lọ, ohun méjì la lè fẹ́ sọ nípa rẹ̀: bó ṣe ń rìn, àti ibi tó ń gbà. Sísáré, fífò, rírákòrò, ìyẹn ni bó ṣe ń rìn. Wíwọlé, jíjáde, gígòkè, sísọ̀kalẹ̀, kíkọjá, ìyẹn ni ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì a máa kó bí wọ́n ṣe rìn sínú ọ̀rọ̀-ìṣe (run, fly, crawl), a sì máa kó ọ̀nà sínú ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ tó ń tẹ̀lé e: in, out, up, down, past, across. Leonard Talmy, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, ló la ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1985 àti àwọn tó tẹ̀lé e. Ó ní bí Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Jámánì ṣe ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n èdè Faransé, ti Sípéènì àti ti Tọ́kì ń ṣe òdìkejì: inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń fi ọ̀nà sí, bí ẹni pé wọ́n ń sọ pé olè náà wọ igbó, ní eré sísá.

Yorùbá kò bá ìkankan nínú méjèèjì mu régí. Àwa kì í fi ọ̀kan sin èkejì: "sáré" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe gidi, "wọ" náà jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe gidi. Àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni àwọn onígírámà wa ń pè é, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé sì wà lára àwọn tó ti kọ̀wé lé e lórí gan-an. Dan Slobin, ará Amẹ́ríkà mìíràn, dábàá ní 2004 pé kí wọ́n ya ẹgbẹ́ kẹta sọ́tọ̀ fún irú èdè báyìí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni tiwa wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sí kíláàsì kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ ọ̀nà nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ kékeré ló ń dà nínú Gẹ̀ẹ́sì. "Ó yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé" di "He crept in." "Ọmọ náà rá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì" di "The child crawled out from under the bed." "Ó tiro gòkè àtẹ̀gùn" di "She limped up the stairs." "Ó yan fanda kọjá níwájú ilé wa" di "He strutted past our house." Ẹ wo ibi tí "wọlé", "jáde", "gòkè" àti "kọjá" wọlẹ̀ sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tún jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́. Ọmọ tó bá ti rí èyí kò ní máa wá "enter", "exit", "ascend" àti "pass" kiri inú díkíṣọ́nárì.

Ó tún ní àǹfààní kan tí mo fẹ́ràn láti máa fi han àwọn ọmọ Òṣogbo. Ẹ ní kí wọ́n sọ bí Arugbá ṣe ń lọ lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Wọ́n á ní: Arugbá jáde láàfin, ó gba àárín èrò kọjá, ó wọ inú igbó Ọ̀ṣun, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò. Ẹ ka ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀: jáde, gba, kọjá, wọ, sọ̀kalẹ̀, lọ. Mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì á ní: "The Arugba walked out of the palace, through the crowd, into the grove and down to the river." Ọ̀rọ̀-ìṣe kan péré, "walked", ló gbé gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kékeré ló rin ìrìn náà fún un. Bí ọmọ bá wá kọ ọ́ pé "She came out of the palace and passed the crowd and entered the grove and descended and went to the river", òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dún bí sítétímẹ́ǹtì tí wọ́n kọ ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá.

Ó ku "enter" tí ọmọ kejì fi dè yín mọ́lẹ̀. "Enter" kì í ṣe ọmọ bíbí ilé Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Nọ́máàǹdì tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 mú èdè Faransé wá pẹ̀lú wọn, inú èdè Faransé yẹn sì ni "enter", "arrive", "approach", "return" àti "descend" ti ya wọlé. Mo ti sọ pé Faransé ń fi ọ̀nà sínú ọ̀rọ̀-ìṣe. "Enter" ti gbé "into" mì kó tó dé. Bí ẹ bá tún sọ pé "enter into the room", ẹ ti wọ yàrá kan lẹ́ẹ̀mejì. "Approach" ti gbé "to" mì, nítorí náà "approach the bridge" ló tọ́. "Return" ti gbé "back" mì, nítorí náà "return back" kò dára. "Leave" àti "reach" jẹ́ ọmọ onílé ní tiwọn, ṣùgbọ́n irú ìwà kan náà ni wọ́n ń hù: "We reached Ede", kì í ṣe "reached to Ede". "Go", "come", "get", "run" kò gbé ọ̀nà kankan mì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún "into".

Àwọn kan ń ya agídí láàárín wọn. "Return" ṣì ń gba "to" bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ibi tí ẹ padà sí. "Arrive" kì í gba "to" láéláé: "arrive in Osogbo" fún ìlú, "arrive at the garage" fún ibì kan láàárín ìlú. Bí ènìyàn bá kúrò ní Òṣogbo tó ń lọ sí Èkó, "left Osogbo for Lagos" ni, kì í ṣe "to Lagos". "Enter into" sì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún àdéhùn ni, kì í ṣe fún yàrá. Ẹ tún sọ fún wọn pé "enter" máa ń le létí. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, tí ẹ fẹ́ sọ pé "Ẹ wọlé!", "Come in!" ni. "Enter!" dún bí ohùn ọ̀gá ilé-ìwé tó ti mú pankẹ́rẹ́ dání.

Mo wá fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ síbi tí mo rí i pé ó ń bá àwọn ọmọ wa jà jù, tí àwa olùkọ́ kì í sì í kọbi ara sí. Ẹ wo gbólóhùn wọ̀nyí: ó jáde nínú ilé. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó yọ owó nínú àpò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jábọ́ lórí àga. "Ní" ló wà nínú gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọ̀kan tí ohun náà ń dúró síbẹ̀. Gbogbo wọn ń kúrò ni. Báwo la ṣe mọ̀? Ọ̀rọ̀-ìṣe ló sọ fún wa. "Jáde", "yọ", "gbà" àti "jábọ́" ti sọ pé nǹkan ń kúrò, nítorí náà "ní" kàn ń tọ́ka ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ni, kò bìkítà nípa ibi tí wọ́n kọjú sí.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kékeré náà ló gbọ́dọ̀ bìkítà. Ibi tí "She removed money in her bag" ti ń wá nìyẹn, àti "I collected it in his hand", tí gbogbo wa ti gbọ́ rí, tí púpọ̀ nínú wa sì ti sọ rí. Èyí tó léwu jù ni ti àga. "He fell on the chair" kò sọ pé ó jábọ́ lórí àga. Ó sọ pé orí àga ló ṣubú lé. Ẹ fi ọ̀kadà dípò àga, kí ẹ fi sítétímẹ́ǹtì ẹlẹ́rìí dípò àròkọ, ẹ ó rí i pé ẹni tó já bọ́ àti ẹni tí wọ́n já lù lè pààrọ̀ ipò. "He fell off the okada" ni ẹ óò kọ.

Fún kíkúrò, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ jù. "Out of" ni fún ohun tó ní inú: àpò, ilé, kòtò. "Off" ni fún ohun tí nǹkan wà lórí rẹ̀ tàbí tó lẹ̀ mọ́: tábìlì, ògiri, ẹṣin. "From" kàn ń dárúkọ orísun, ìbáà jẹ́ ìlú ìbáà jẹ́ ènìyàn: "I came from Ikirun", "I got it from him". Bí ọmọ bá ti fẹ́ kọ "in" tàbí "on" síwájú ibi tí nǹkan ti kúrò, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ṣé ohun náà ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti ibi tí nǹkan ń lọ, Yorùbá ràn wá lọ́wọ́. Àwa náà ń ya "sínú" sọ́tọ̀ kúrò lára "nínú", "sórí" kúrò lára "lórí". "Ó ń sáré nínú ọgbà" ni "He was running in the compound". "Ó sáré lọ sínú ọgbà" ni "He ran into the compound". Èyí kì í ṣòro fún wọn bí ẹ bá ti fi Yorùbá hàn wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì kì í tilẹ̀ fìgbà gbogbo tẹ̀lé òfin ara rẹ̀ níbẹ̀: lẹ́yìn "put", "drop" àti "throw", "in" lè ṣe iṣẹ́ "into", kò sì sẹ́ni tó máa bínú sí "Put it in the bag." "Under" ní tirẹ̀ kò ya "sábẹ́" àti "lábẹ́" sọ́tọ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kan wà tó yẹ kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ odindi ọjọ́ kan, òun ni "gba". "Olè náà gba ojú fèrèsé wọlé." Àwọn ọmọ á kọ "The thief passed the window and entered." Ṣùgbọ́n ẹni tó "passed the window" ti kọjá lọ ní tirẹ̀, kò wọlé olúwa ẹ̀. "The thief got in through the window" ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "mo gba Òkè-Fìà wá". Tí ẹ bá sọ pé "I passed Oke-Fia", olùgbọ́ lè rò pé Òkè-Fìà ni ẹ fẹ́ bọ́ sílẹ̀, tí ọkọ̀ gbé yín kọjá. "I came through Oke-Fia", tàbí "by way of Oke-Fia". "Through" ni "gba" bí nǹkan bá yí ènìyàn ká: èrò, igbó, ojú fèrèsé. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́ ni wọ́n ti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, bíi títì, pápá tàbí ojú odò, "across" ni, òun ló sún mọ́ "sọdá". "Over" ń gba òkè nǹkan, bí ẹni tó fo ògiri. "Along" ń tẹ̀lé gígùn ọ̀nà. "Past" ń fi nǹkan sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Ọkọ̀ ńkọ́? Yorùbá ń wọ gbogbo ọkọ̀, a kì í gùn ún, àfi ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin. Gẹ̀ẹ́sì pín in lọ́nà mìíràn. Èyí tí ènìyàn lè dúró rìn nínú rẹ̀, bíi bọ́ọ̀sì, rélùwéè àti ọkọ̀ òfúrufú, "get on" àti "get off" ni. Èyí tí a ń gùn náà bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ní láti tẹ̀ kórí wọ̀, bíi tasín, "get in" àti "get out of". Kẹ̀kẹ́ Márúwá wà lọ́dọ̀ tasín, bí mo ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn. "Enter the bus" kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò kàn wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òyìnbó ni. Ní ti "I will drop at Olaiya", mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ nínú ọkọ̀, dírẹ́bà kò ní gbé yín kọjá nítorí ìyẹn. Nínú ìdánwò WAEC, "get off at Olaiya" ni kí wọ́n kọ. Dírẹ́bà ló ń "drop" ènìyàn "off".

Àwọn kékeré tí mo lè yára mẹ́nu bà: "home", "here", "there", "upstairs" àti "abroad" kì í gba "to". "Sílé", "síbẹ̀" àti "síbí" tiwa ló ń fa "go to home" àti "come to here". Ṣùgbọ́n wọ́n ń gba "from" láìjanpata: "from home", "from there". "Fi ẹsẹ̀ rìn" ni "on foot", kì í ṣe "with leg". "Mò ń bọ̀" tí a ń sọ nígbà tí a bá ń jáde lọ kì í ṣe "I'm coming". Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò òyìnbó, tí ẹ sì kẹ̀yìn sí i, á máa wojú yín. "I'll be back" ni. Bí ẹnìkan bá pè yín láti inú ilé, tí ẹ dáhùn pé ẹ ń bọ̀, "I'm coming" tọ́ níbẹ̀ dáadáa.

Ó ku ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀-atọ́kùn (preposition) àti ọ̀rọ̀ àpọ́nlé (adverb), torí ó ń kan bí wọ́n ṣe ń tò ó. "Into", "to", "from" àti "at" kò lè dá dúró. "He ran into" ń rọ̀ lókè láìsí ohun tó gbá a mú. "In", "out", "away", "back" àti "off" lè dá dúró: "He ran out." Bí "out", "away" àti "back" bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀-orúkọ, wọ́n ń wá alábàárò: out of the house, away from the dog, back to the market. Ọmọ tó bá gbọ́ "out the door" nínú fíìmù Amẹ́ríkà kò ṣì í gbọ́, wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá wá ń gbé nǹkan, tí nǹkan náà jẹ́ "it", "him" tàbí "them", àárín ni wọ́n ń fi í sí: "pick him up", "take it out", "bring them back". "Pick up him" kò sí. Ṣùgbọ́n "go into it" àti "run past him" kì í yà, torí pé atọ́kùn ni "into" àti "past" níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé "bring" àti "take" tilẹ̀ ti kó "wá" àti "lọ" mọ́ra: "gbé àpótí wá" ni "bring the box", kì í ṣe "carry the box and come".

Ní ti híhá àwọn phrasal verb sórí, mi ò fara mọ́ ọn bí ìwé yín ṣe tò ó. Abẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n sábà máa ń tò ó sí: "get" pẹ̀lú ogún ìtumọ̀, "go" pẹ̀lú ogún mìíràn, orí ọmọ á sì dàrú. Abẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré ni kí wọ́n tò ó sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Lójú ewé "off", wọ́n á rí i pé "set off", "drive off", "take off" àti "see someone off", ìyẹn kí a sin ènìyàn sọ́nà, gbogbo wọn ń kúrò ni. Lójú ewé "out", "run out", "sell out" àti "wear out" ń sọ ohun tí "tán" ń sọ fún wa. "Up" lè parí nǹkan bí "eat up" àti "use up", ó sì lè jẹ́ "tọ̀": "She walked up to me" ni "ó rìn tọ̀ mí wá". "Go through" tí wọ́n ń lò fún ìṣòro kò ní ṣe wọ́n ní kàyéfì, torí pé àwa náà ń la ìṣòro kọjá.

Àwọn tó bá kọ̀ láti gbọ́ràn ni kí wọ́n há sórí, wọn kò sì pọ̀ tó bí ìwé ṣe ń mú un dà bí ẹni pé ó pọ̀. "Go off" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀: iná tó "went off" kú, mílíìkì tó "went off" bàjẹ́, ṣùgbọ́n aago ìdágìrì tó "went off" ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún ni. "Run into" náà: "The thief ran into the bush" kò ní ìṣòro, ṣùgbọ́n "I ran into my teacher" lè jẹ́ pé ẹ ṣe kòńgẹ́ olùkọ́ yín, ó sì lè jẹ́ pé ẹ forí sọ ọ́. "Pass out" ni kí ẹ fi kún un. Àwọn àgùnbánirọ̀ ń "pass out" lọ́dọọdún, èdè ológun ni, ó sì tọ́. Níbòmíràn, ẹni tó bá "passed out" ti dákú.